Bàbá Ka Ìwọ Náà Mọ́ Wa

Òkè Àró, Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ ní Kánádà. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ lórí fóònù kò kún tó, nítorí ẹkún kò jẹ́ kí ohùn mi já gaara. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ̀wé sí ọ nípa Bàbá wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sójà.

O kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń kà wá lálaalẹ́. Bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, Bàbá yóò gbé àtùpà, wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọn yóò sì máa nàka sí wa lórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọ wọn mẹ́fà àti ìwọ tí àwọn òbí rẹ fi sọ́dọ̀ wa nítorí ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹnì kan bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọn kò ní kúrò níbẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi wọlé. Èmi rò pé ìwà líle àwọn sójà ni, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ọdún tí mo wọ yunifásítì ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ń sìn mí lọ sí Èkó, ọkọ̀ wa sì ti gba Oǹdó kọjá. Nígbà tí a dé Ọ̀rẹ̀, Bàbá dákẹ́. Ṣé o rántí pé a máa ń fi "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ṣeré nígbà èwe wa, láìmọ̀ pé ẹni tí ó jà níbẹ̀ ń gbọ́ wa láti inú yàrá? Wọ́n sọ fún mi pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Bìáfírà ti gba Bìní tí wọ́n sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, inú igbó tí ó wà létí títì yẹn ni àwọn sùn sí nínú òjò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á ka ara wọn. "Ọmọ mi, iye àwa tí a sùn kọ́ ni a máa ń jí." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí a fi dé Èkó, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lójú ogun náà títí ó fi parí ní oṣù kìíní ọdún 1970.

Oko kòkó lọ́nà Ìdànrè ni wọ́n fi rán wa ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí owó ìfẹ̀yìntì kì í dé lásìkò. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o ti lọ ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Nígbà tí làkúrègbé mú Ìyá ní èjìká, Bàbá gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń gún iyán fúnra wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó ọmọ. Bàbá dáhùn pé iyán tí àwọn bá gún ni ìyàwó àwọn máa ń jẹ yó. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró odó nílé ẹlòmíràn, ọkàn mi a máa lọ sọ́dọ̀ wọn.

Gbogbo ọjọ́ 15 oṣù kìíní, tí a fi ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, èmi ni mo máa ń bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n bá tú àwọn ẹyẹlé sílẹ̀, tí èrò ń pàtẹ́wọ́, ètè Bàbá yóò máa mì. Ó pẹ́ kí n tó súnmọ́ wọn tó láti gbọ́ pé orúkọ ènìyàn ni wọ́n ń kà.

Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, gbogbo wa yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká. Wọ́n lajú, wọ́n gbé ìka sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá. Nígbà tí wọ́n kà á dé ẹẹ́fà, wọn kò sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dárúkọ rẹ. Àbúrò wa obìnrin ní o wà ní Kánádà, àti pé àlàáfíà ni o wà.

Bàbá ní, "Wọ́n pé," wọ́n sì pa ojú wọn dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.