Ẹ Wo Ẹ̀jẹ̀ Náà Kí Ẹ Tó Dẹ́rù Bà Wá

Sí Olóòtú,

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì tí àbúrò mi obìnrin ṣe jáde. Platelet rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá bí a bá farapa, jẹ́ 214,000 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kíún (microlitre kan). Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàárín 150,000 sí 450,000, ó wà níbi tó yẹ kó wà. Kò sí ohun tó ṣe é. Kò tiẹ̀ sí ohun tó ṣe é rí! Àmọ́ odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oorun fi dá lójú gbogbo ilé wa, torí pé 38,000 ni ìwé àkọ́kọ́ gbé jáde, ẹni tó sì na ìwé náà sí i kò gbójú sókè tó fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ò ti jẹun dáadáa.

Iṣẹ́ abẹ kékeré kan ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ní kí gbogbo ènìyàn ṣe kó tó dé orí tábìlì ló lọ ṣe, ara rẹ̀ sì le. Ẹnì kankan ò bi í bóyá imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀ tó bá ń fọ eyín, bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ jù, tàbí bóyá ó rí àmì pupa wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn lára rẹ̀. Wọ́n kàn fagi lé iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n ní kó lọ ibòmíràn kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sínú egungun ìbàdí, kí wọ́n lè fa mùdùnmúdùn rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ibi tó lọ fún ìyẹn ni Ọlọ́run ti bá wa ṣé. Àgbà òṣìṣẹ́ láàbù kan níbẹ̀ ní kí wọ́n ṣì dúró ná. Ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fà á tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Platelet kún ibẹ̀ bámúbámú, àmọ́ wọ́n ti dì mọ́ra wọn, ogún níhìn-ín, ọgbọ̀n lọ́hùn-ún. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan tí àwọn tí a kọ́kọ́ bá kò rí lò fún wa!

Bàbá náà ló là mí lóye. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ olómorí àlùkò tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí ní èròjà kan tó ń jẹ́ EDTA nínú, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lára àwọn kan, bí ẹnì kan nínú 1,000, EDTA yìí gan-an ló ń mú kí platelet máa so mọ́ra. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣe pẹ́ tó nínú ìgò ni wọ́n ṣe ń so pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n kò ní ojú, bí nǹkan ṣe tóbi tó ló fi ń dá a mọ̀. Bí platelet ogún bá ti di òkìtì kan, ẹ̀rọ ò ní kà á sí platelet mọ́. Nígbà míì, ó lè kà á mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun. Ó tún lè jẹ́ pé ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ náà wá iṣan títí kó tó rí i, tàbí pé kò tètè yí ìgò náà sókè sódò kó lè pò, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti dì díẹ̀ nísàlẹ̀. Inú ìgò ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Kò kan ara ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ rárá.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwámáàrídìí. Láti 1969 ni àwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò fi wo ẹ̀jẹ̀ náà? Àwọn ọ̀gá tó wà nípò mọ bí a ṣe ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá, wọ́n mọ bí a ṣe ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Ẹni tí yóò jókòó ti máíkírósíkóòpù ni wọn ò gbà síṣẹ́, àwọn tó sì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ a sọ nọ́ńbà, dókítà a ka nọ́ńbà, aláìsàn a gbé nọ́ńbà lọ sílé lọ sunkún. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀jẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé gbogbo platelet tó bá lọ sílẹ̀ ló jẹ́ irọ́ ìgò. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tirẹ̀ lọ sílẹ̀ dé 12,000, òótọ́ sì ni. Àmì pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà mẹ́ta ló rí kí ẹnì kan tó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo lẹ ń lò?" Cotrimoxazole, oògùn apakòkòrò tí wọ́n tún ń pè ní Septrin, ló ti ń gbé mì fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ní kó jáwọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí platelet rẹ̀ fi gòkè padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni! Kuníìnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan ìwọ̀nba tó wà nínú omi ẹlẹ́rìndòdò kíkorò tí wọ́n ń pè ní tonic. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe é lára ẹlòmíràn. Heparin ló burú jù nínú wọn: wọ́n ń fún ni kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, síbẹ̀, láàárín ọjọ́ 5 sí 10 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lè já platelet ẹlòmíràn wálẹ̀, kó sì tún máa mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì nínú iṣan.

Àwọn ohun míì tó ń fà á pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ibà ń fà á, ibà dengue náà ń fà á. Nígbà míì, platelet tó lọ sílẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó máa tú àṣírí HIV tàbí mẹ́dọ̀wú irú C. Ọtí àmujù ń fà á, àìtó fítámì B12 ń fà á. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń gbẹ, ọlọ inú a wú, a sì kó platelet pamọ́. Nígbà tí ara le gan-an, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara ẹni náà lè yíjú padà kí wọ́n máa pa wọ́n. Nínú aboyún 100, bí 5 sí 10 ni tiwọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, tí kò sì ń ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀, torí ìyẹn léwu púpọ̀. Mùdùnmúdùn tó ṣàìsàn wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ platelet nìkan ló lọ sílẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù pé, tí ara ẹni náà sì le, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ jẹjẹrẹ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n fi í ṣe òfin ní gbogbo láàbù pé èsì platelet tó bá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 100,000 lójijì, lára ẹni tí tirẹ̀ kò lọ sílẹ̀ rí, kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ti wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tó sì buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá rí i pé ó so pọ̀, kí wọ́n gba òmíràn sínú ìgò olómorí búlúù tó ní citrate, èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n kà á kíákíá, kí wọ́n sì fi 1.1 sọ iye tó bá jáde di púpọ̀, torí pé omi citrate ti gba ìdá kan nínú mẹ́wàá inú ìgò. Kí wọ́n wá kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn gàdàgbà pé platelet rẹ̀ máa ń so nínú EDTA, kí wọ́n sì fún un ní káàdì tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ilé ìwòsàn míì má baà tún kó o sí wàhálà yìí lọ́dún tó ń bọ̀. Gíláàsì kan náà yìí ló sì máa gba ẹni tó wà nínú ewu sílẹ̀. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ TTP, tí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, tí orí aláìsàn lè dàrú, tó sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Abẹ́ máíkírósíkóòpù ni wọ́n ti ń rí àfọ́kù náà. Ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà lásán kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n máa béèrè oògùn tí ènìyàn ń lò. Kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti máa yí ìgò sókè sódò jẹ́jẹ́, ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kí wọ́n wo èsì àtijọ́ tó wà nínú fáìlì.

Mo padà sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo mú ìwé méjèèjì dání. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, àwọn yóò pè mí. Wọn ò tíì pè. Àbúrò mi ò sì tíì rí ọjọ́ mìíràn gbà fún iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín