Ẹ máa bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ yín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìyá wẹ́wẹ́ tá a jọ ń tajà n'Ítòkú níbí ni mo fẹ́ bá wí, tó bá ṣe pé èèyàn ń bá ọmọ oṣù 6 sọ̀rọ̀ báyìí wọ́n á ní kí lèyí gbọ́. Ó gbọ́ jàre! Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí méjì, Bergelson àti Swingley, l'Amẹ́ríkà gbé àwòrán síwájú àwọn ọmọ oṣù 6 sí 9, ìyá á dárúkọ ọ̀kan, oúnjẹ àbí ẹ̀yà ara, wọ́n á wá máa ṣọ́ ojú ọmọ, ojú ẹ̀ á sì pẹ́ lára èyí tí wọ́n dárúkọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì lè sọ̀rọ̀ kankan o.

Ẹ̀yin náà ẹ fi aṣọ bo ṣíbí níwájú ọmọ tó ti ń lọ sí oṣù 9, tó bá ṣí aṣọ yẹn láti wá a, á jẹ́ pé ṣíbí ṣì wà lọ́kàn ẹ̀ bí ò tiẹ̀ rí i mọ́.

Fóònù tí wọ́n ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kó lè dákẹ́ ló ń bí mi nínú jù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ ní 2019 pé kọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 1 má wo skírìnì rárá. Àwọn ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, tí wọ́n á fa imú ẹ̀, wọ́n á ní imú rèé, wọ́n á na ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ rèé, wọ́n á kì í mọ́ ọn, ta ló kọ́ wọn? Ẹ bá wa gbé e sójú ìwé àwọn abiyamọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá aláàdìrẹ kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta