Tikẹ́ẹ̀tì VIP kò fi àga kan kún ẹ̀rọ

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìlà tó ń gùn ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ lásìkò ọdún, ohun méjì ni àwọn èèyàn sábà máa ń wí sí i: pé àwa ọmọ Nàìjíríà ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò, àti pé kí ọlọ́gbà máa ta tikẹ́ẹ̀tì VIP kí olówó lè tètè ráyè. Mi ò fara mọ́ ìkankan. Àwa tí à ń tò wọ bọ́ọ̀sì BRT ní CMS l'Ékòó nírọ̀lẹ́, ṣé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àwọn mọ́tò kéékèèké tí àwọn ọmọdé fi ń kọlu ara wọn. Ká ní wọ́n jẹ́ 20, tí eré kan jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Bí kíkó èrò jáde àti kíkó òmíràn wọlé bá gba ìṣẹ́jú 6, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọ́n máa ṣeré ní wákàtí kan, ọmọ 120. Bó bá gba ìṣẹ́jú 2, ó di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ọmọ 200. Wọn ò ra mọ́tò kún un, wọn ò sì gé eré ẹnikẹ́ni kúrú. Ọmọ tí 600 bá wà níwájú rẹ̀ á dúró fún wákàtí 5 ní ti àkọ́kọ́, wákàtí 3 ní ti èkejì.

Kí ló ń jẹ ìṣẹ́jú mẹ́fà? Ẹ lọ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ Kérésì tàbí Iléyá. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ń já tikẹ́ẹ̀tì, òun ló ń bá ìyá kan fa ṣéńjì, òun ló ń de bẹ́líìtì, òun náà ló máa sáré lọ tẹ bọ́tìnì. Ọmọ á ti jókòó tán kí wọ́n tó rí i pé báàgì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá kan á ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ ya fọ́tò. Gbogbo mọ́tò ogún dúró gbagidi. Bí wọ́n bá ti já tikẹ́ẹ̀tì àwọn ogún tó kàn, tí wọ́n kó wọn sínú ààyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ nígbà tí eré àwọn tó wà níwájú ṣì ń lọ, tí báàgì ti wà lọ́wọ́ ìyá, ẹ ó rí i pé ìlà á rìn. Òṣìṣẹ́ méjì sí i ti tó. (Ti jẹnẹrétọ̀ tó ń kú láàárín eré, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Ti roller coaster, ọkọ̀ eré tó ń sáré gòkè sáré sọ̀kalẹ̀ lórí irin, tún le jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín ojú irin rẹ̀ sí abala-abala, ọkọ̀ kan ò sì gbọdọ̀ wọ abala tí òmíràn wà. Bí èrò bá pẹ́ jókòó ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ tó ti sáré dé á dúró sẹ́yìn tèrò-tèrò. Ọkọ̀ alága 24 tó ń gbéra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń gbé èèyàn 1,440 ní wákàtí kan. Bó bá di ìṣẹ́jú méjì-méjì, 720 ni. Àwọn Disney, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá, ti mọ èyí tipẹ́. Haunted Mansion, ilé iwin tí èrò ń jókòó sórí àga yí inú rẹ̀ ká, tí wọ́n ṣí ní California ní 1969, àga rẹ̀ kì í sábà dúró, orí ilẹ̀ tó ń rìn bá àga náà lọ lèrò ti ń bọ́ sínú rẹ̀.

Ó wá kan VIP. Disney yìí náà ló gbé FastPass jáde ní 1999, lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n á sọ àkókò tí o máa padà wá gba ìlà kúkúrú wọlé fún ọ. Ní 2021, wọ́n fi èyí tí wọ́n ń sanwó fún rọ́pò rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó fi àga kan kún ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ń gbé 120 ní wákàtí kan, tí VIP jẹ́ 60 nínú wọn, ìlà àwa yòókù á máa rìn bíi ti ẹ̀rọ tó ń gbé 60. Ọlọ́gbà wá di ẹni tí ìlà gígùn ń pa owó fún. Bí ìlà ò bá gùn, ta ló fẹ́ ra VIP? Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ lára òyìnbó ni ìlà ẹni tó dá wá, tí wọ́n fi ń dí àga kan tó bá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni mẹ́ta tó jọ wá.

Ẹnu géètì ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí gbogbo ẹ̀rọ inú ọgbà bá ń gbé 900 ní wákàtí kan, tí wọ́n sì jẹ́ kí 5,000 wọlé, ó máa lé ní wákàtí 5 kí ìdí gbogbo wọn tó kan àga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ta tikẹ́ẹ̀tì lè ṣe ìṣirò yìí lórí fóònù rẹ̀.

Ní ọgbà kan tí mo kó àwọn ọmọ lọ, wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n pa ẹ̀rọ. Tikẹ́ẹ̀tì tí a ò tíì lò ṣì wà lọ́wọ́ wa, wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà. Mo ń fi àsìkò yìí bẹ àwọn LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, kí ọdún tó tún dé, kí wọ́n sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọlọ́gbà pé tikẹ́ẹ̀tì tí ìlà ò jẹ́ kí èèyàn lò lónìí gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n sì kọ iye èèyàn tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbé ní wákàtí kan gàdàgbà sẹ́nu géètì, ká tó sanwó.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìkòròdú, ìpínlẹ̀ Èkó