Fèrèsé tí ì bá wu Bàbá

Kathmandu, Nepal
Ọjọ́ 19, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024

Àdùkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá ńkọ́, orúnkún wọn ńkọ́? Ṣé Táíwò àti Kẹ́hìndé ń ṣe dáadáa nílé ìwé? Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù níbí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ yín ní Ìbàdàn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá ni. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú yín. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Ọdún wọn gan-an kì í ṣe 2024: ọdún 2081 ló wà lára kàlẹ́ńdà òtẹ́ẹ̀lì wa.

Ìpàdé àwa olùkọ́ tó gbé mi wá láti Manchester parí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo fi ọjọ́ mélòó kan kún un kí n lè rí ìlú, inú mi sì dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá, agbẹ́gilére wa, ló jẹ́ kí n mú bírò lálẹ́ òní. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, n kò tíì rántí wọn tó bí mo ṣe ń rántí wọn nínú ìlú yìí.

Inú àfonífojì gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni Kathmandu wà, ó fi nǹkan bíi mítà 1,400 ga ju òkun lọ. Láàárọ̀, èémí máa ń rú jáde lẹ́nu ẹni bí èéfín. Òtútù Jọ́ọ̀sì tó mú wa nígbà tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ kò tó o. Ariwo ọ̀kadà pọ̀, eruku pọ̀, wáyà iná lọ́ mọ́ra wọn lójú títì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀run mọ́, mo gun òkè òrùlé òtẹ́ẹ̀lì, mo sì rí àwọn òkè oníyìnyín lápá àríwá, funfun báláú, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n lórí. N kò lè sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń sá aṣọ níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìlú ọba mẹ́ta ló wà nínú àfonífojì yìí: Kathmandu, Patan àti Bhaktapur. Ọba kan ló ń ṣe olórí gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Yaksha Malla wàjà ní ọdún 1482, àwọn ọmọ rẹ̀ pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí ọba kan bá kọ́ tẹ́ńpìlì, èkejì á fẹ́ kọ́ èyí tó dára jù ú lọ. Ohun tí mò ń fi ojú rí káàkiri, èso orogún yẹn ni. Ní ọdún 1768 ni Prithvi Narayan Shah ará Gorkha wá gba Kathmandu, lásìkò tí àwọn aráàlú ń ṣe ọdún òrìṣà Indra lọ́wọ́. Àwọn ìran rẹ̀ ló wà lórí oyè títí di 2008 tí Nepal fi òpin sí ọba jíjẹ.

Ojúde ààfin Kathmandu ni mo kọ́kọ́ lọ. Ère òrìṣà wọn kan, Kala Bhairav, wà níbẹ̀, dúdú, ó tóbi, ó ranjú. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú ẹni tó ní ẹjọ́ búra láyé àtijọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀ yóò kú. Ta ni yóò ṣàlàyé irú èyí fún ọmọ tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi irin Ògún búra? Mo tún rí ilé Kumari, ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n ń bọ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà alààyè. Ọdún 1757 ni wọ́n ti kọ́ ilé náà. Láàárín ìdílé Shakya ni wọ́n ti máa ń yan ọmọ náà. Bó bá ti wọ inú ilé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ níta, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e. Bó bá ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó di ènìyàn padà, wọ́n á sì wá ẹlòmíràn. Mo rántí arugbá Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọmọ yìí yọjú lójú fèrèsé òkè fún ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú tìróò gbàǹgbà lójú. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ya fọ́tò, kò sì sí ẹni tó yà á. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Kasthamandap wà, ilé onígi tí wọ́n ti fa orúkọ Kathmandu yọ. Ìtàn wọn ní igi ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọjọ́ Sátidé, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù, ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn kan wà nínú Kasthamandap lásìkò náà tí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ wọn tọrẹ fún àwọn aláìsàn. Ilé náà wó lé wọn lórí. Àwọn tó kú káàkiri Nepal lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000. Àdùkẹ́, ẹni tó wá fún ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ pé kó má bàa kú! N kò rí ọ̀rọ̀ yẹn gbé kúrò lọ́kàn.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ìdí ilé náà wò, wọ́n rí i pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje, ìpìlẹ̀ yẹn kò sì ṣe nǹkan kan. Ohun tó bà jẹ́ ni pé ọ̀kan nínú òpó ńlá mẹ́rin tó gbé ilé dúró kò jókòó sórí òkúta rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó wá di ọ̀rọ̀ àtúnkọ́, àwọn aráàlú yarí. Wọn kò fẹ́ kọnkéré, wọn kò fẹ́ irin. Igi, bíríkì àti amọ̀ ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, bí àwọn bàbá wọn ṣe kọ́ ọ. Wọ́n jà á títí wọ́n fi borí. Mo jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn arúgbó ń gba atẹ́gùn, àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ fóònù, ẹyẹlé ń fò kọjá. Àwọ̀ igi náà ṣì mọ́lẹ̀, kò tíì rí òjò tó. Mo fi ọwọ́ kan òpó kan, mo sì ń ro ó pé ká ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ mọ́ ńkọ́? Owó lè pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, kí ni wọn ì bá fi ṣe?

Àwọn Newar ni onílẹ̀ àfonífojì yìí, àwọn ló ni iṣẹ́ ọnà tí mò ń wí. Ní Bhaktapur ni mo ti rí i dáadáa. Kò sí férémù ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé, kò sí igi tó gbé òrùlé dúró tí wọn kò fín nǹkan sí lára. Fèrèsé kan wà ní ojú ọ̀nà tóóró, lára ilé kan tí wọ́n ń pè ní Pujari Math. Ẹyẹ ọ̀kín ló wà láàárín rẹ̀, ó tẹ́ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké sì yí i ká. Igi ni o, wọ́n dá a lu bí aṣọ léèsì! Mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí. Ohun tó wà lẹ́nu mi ni, “Bàbá, ẹ wá wo nǹkan.” Mo sọ ọ́ síta. Ọkùnrin kan tó ń kọjá bojú wẹ̀yìn.

Ní òdìkejì ọ̀nà, ìsọ̀ kékeré kan wà. Bàbá kan jókòó sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di pátákó mú, ó ń gbẹ́ ẹ. Ṣé o rántí bí Bàbá ṣe máa ń di ojú, tí wọ́n á wá fi àtàǹpàkò yẹ ojú iṣẹ́ wò? Ohun tí ó ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo jókòó tì í fún bíi wákàtí kan. Òyìnbó tó gbọ́ kò pọ̀, tèmi náà kò wúlò níbẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Igi sal ni wọ́n ń lò jù fún ilé, ó le gan-an. Ó bi mí pé irú igi wo ni tiwa. Mo ní ìrókò, mo ní apá. Ó pe ìrókò lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fín etí pátákó mìíràn, bàbá rẹ̀ kò sì yé fi orí tọ́ ọ sọ́nà: bó bá mi orí, ó dáa, bí kò bá mì ín, kó tún un ṣe.

Tẹ́ńpìlì Nyatapola náà wà ní Bhaktapur, òrùlé márùn-ún lórí ara wọn. Bhupatindra Malla ló kọ́ ọ ní ọdún 1702. Ilẹ̀ mímì ti 1934 kò rí i gbé ṣe, ti 2015 náà kò rí i gbé ṣe. Ère òǹjàkadì méjì ló wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ní agbára wọn tó ti ọkùnrin mẹ́wàá. Àwọn erin tó wà lókè wọn tún lágbára jù wọ́n ní ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òkè. Mo jókòó sẹ́sẹ̀ erin, mo jẹ yógọ́ọ̀tì wọn tí wọ́n ń pè ní juju dhau. Inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kó dì. Ó ki, ó dùn, mo jẹ méjì.

Patan ni mo wà lánàá. Ère òkúta kan wà níbẹ̀, òrìṣà Híńdù méjì, Lakshmi àti Narayana, nínú ara kan ṣoṣo. Ní ọdún 1984, olè gbé e lọ. Ibi tí wọ́n ti wá rí i ni mùsíọ́mù kan ní Dallas, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá a padà ní 2021, àwọn aráàdúgbò sì gbé e padà sí ojúbọ rẹ̀. Kì í ṣe inú gíláàsì o, ojúbọ! Mo rí òdòdó àti ẹtù pupa lára rẹ̀. O mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Bàbá kì í dárúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ láìmí kanlẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó gbẹ́, tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tí kò sì padà mọ́. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Òyìnbó ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. “Àga!” ni wọ́n máa ń wí. Lẹ́yìn náà wọn kò ní sọ nǹkan kan mọ́ títí di oúnjẹ alẹ́.

Mo gun àtẹ̀gùn 365 lọ sí Swayambhunath, ojúbọ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lórí òkè, àwọn ọ̀bọ gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi. Ní Boudhanath, mo bá àwọn ará Tibet rìn yí òkìtì funfun ńlá náà po nírọ̀lẹ́. Ojú Búdà tó wà lára rẹ̀ ń wo gbogbo wa.

Pashupatinath ni mo lọ lónìí. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Híńdù wọ inú tẹ́ńpìlì gangan, nítorí náà mo jókòó ní òdìkejì odò Bagmati. Etí odò yẹn ni wọ́n ti ń sun òkú. Ẹ̀rù ń bà mí tẹ́lẹ̀. O mọ̀ mí. Wọ́n gbé bàbá arúgbó kan wá nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n fi omi odò kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ yí i po, ó sì fi iná sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnìkan di apá rẹ̀ mú. Mo rántí ìgbà tí o bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí Bàbá, tí o kò fẹ́ ṣí ọwọ́. Eérú ni wọ́n ń tì sínú odò níbí, odò á sì gbé e lọ bá odò Ganga. Mo sunkún díẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní ọsàn kan, kò bi mí léèrè nǹkan kan.

Àdùkẹ́, àpótí irin iṣẹ́ Bàbá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, jọ̀ọ́ má tíì jẹ́ kí àwọn alákọ̀ọ́lẹ̀ rà á. O sọ fún mi ní oṣù tó kọjá pé Kẹ́hìndé ń fi ọ̀bẹ gé ẹsẹ̀ tábìlì, pé o nà án. Fún un ní àáké kékeré yẹn àti ìtì igi kan, kí o wò ó. Mo mọ agbẹ́gilére kan ní Ìbàdàn tí Bàbá kọ́ níṣẹ́. Bí o bá gbà, n ó pè é.

Lọ́la ni mò ń padà sí Manchester. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun tó ń bọ̀ nílé fún Kérésì ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀. Wàá rí èépá igi kan nínú ápò ìwé náà. Bàbá Bhaktapur ló fún mi, láti ara fèrèsé tó ń gbẹ́ lọ́wọ́. Fi sí imú, kí o sì fún Màmá náà, kí ẹ sọ fún mi bóyá ó jọ òórùn ìsọ̀ Bàbá.

Èmi ni tìrẹ,
Mojí