Títì Àyípo Ìbàdàn: Ẹ Sanwó Kí Katapílà Tó Dé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìròyìn yín lórí títì àyípo Ìbàdàn, oníkìlómítà 110. N kò lòdì sí i. Awakọ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ojú ń rí ní Ìwó Road bí tírélà bá há. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ tí ìjọba ń gbà kún èyí tí títì fúnra rẹ̀ nílò ni n kò fara mọ́. Owó àjọ ni àǹtí mi fi kọ́ yàrá méjì. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Òótọ́ ni pé òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n sanwó ilé tó wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n san án ná.

Awakọ̀ tákísí,
Ìbàdàn