Ẹ jẹ́ kí àfiwé jáde kúrò nínú ìwé ewì

Sí Olóòtú,

Ní sáà tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì pè mí láti wá bá wọn ṣe adájọ́ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pàtẹ ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n orí ara wọn ṣe. Ọmọbìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kalẹ̀ níwájú wa. Ó fi ọparun lílà pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́jọ, gbogbo wọn sì dojú kọ àárín. Mo bi í pé kí ló rí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọsàn ni, sà. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní awọ tirẹ̀, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kì í tètè ran èkejì. Tòmátì màmá mi máa ń fọ́ kó tó dé Adó." Ẹni tí a jọ ṣe adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní eré ọmọdé ni, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ìṣeré tí ẹnì kan wò ṣe lórí fóònù ló gba ipò kìíní.

Ó dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ohun tí mo sì ń bi wọ́n nínú ìdánwò kò ju pé kí wọ́n fa ìlà sí i nídìí nínú ewì, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. N kò sọ fún wọn rí pé irinṣẹ́ ni, bí ayùn àti òòlù.

Ní 1941, George de Mestral, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Switzerland, rí irú èso tí àwa ń pè ní èèmọ́ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ àti irun ajá rẹ̀. Àwa a máa ṣépè fún un bí a bá ti oko dé. Òun wò ó títí tó fi rí àwọn ìkọ́ kéékèèké ara rẹ̀, ibẹ̀ ni Velcro tó wà lára bàtà àwọn ọmọ wa ti wá. Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, Mick Pearce, ayàwòrán ilé, fi òkìtì ọ̀gán ṣe àwòṣe ilé Eastgate tí wọ́n parí ní 1996: afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná ń gba òkè jáde, wọn kò sì nílò irú ẹ̀rọ amúlétutù tí ilé ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn náà ní ọ̀gán kì í mí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti rò nígbà yẹn. Síbẹ̀ ilé náà ń tutù. Ohun tó wú mi lórí jù nìyí, pé àfiwé lè mẹ́hẹ díẹ̀ kó sì tún gbé ènìyàn dé ibi tí ń lọ, bí onítọ̀hún bá mọ ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe ọkọ̀ òfurufú, wo bí ẹyẹ ṣe ń lọ́ ìyẹ́ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, wọn kò bá a ju ìyẹ́, wọ́n sì fò ní 1903.

A kò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà. Lára òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà níbí, èyí tó wà ní Chicago báyìí, ọba jókòó, ìyàwó àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, òun ni òpó náà gan-an. Gbogbo wa la ń fẹnu sọ pé obìnrin ni òpó ilé. Ọlọ́wẹ̀ gbé òrùlé lé e lórí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni pé kí wọ́n mú àlọ́ àpamọ̀ wọ kíláàsì wọn. Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò: ọmọ tó lè rí tìróò lójú ẹ̀wà yóò rí apẹ̀rẹ̀ nínú ọsàn. Kí wọ́n sì máa bi í níbi tí nǹkan méjèèjì kò ti jọra.

Ọmọbìnrin yẹn ti bi ara rẹ̀. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ní etí ọparun ń gún tòmátì, ó sì ti la èso kòkó méjì láti wo ohun tó yí hóró wọn ká.

Èmi ni,
Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.