Ẹ má fi aago wọn àwọn ará àtijọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbì kan nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ nídìí fẹ́ńdọ̀ ní Ọláìyá láàárọ̀ Sátidé tó kọjá ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbẹ̀, ẹnì kan á ra ìwé ìròyìn, èèyàn mẹ́wàá á dúró sí i lẹ́yìn láti bá a kà á, fẹ́ńdọ̀ á wá máa wò wá bíi kó da omi sí wa lára. Ọmọkùnrin kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní Usain Bolt ará Jamaica nìkan ló ń jẹ́ eléré ìje, pé Jesse Owens, ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tí àwa àgbà ń pariwo ẹ̀ yìí, ká ní ayé ìsinsìnyí ló wà ni, kò ní kọjá híìtì àkọ́kọ́, ṣebí ìṣẹ́jú-àáyá 10.2 lèyí tó yá jù tó sá nínú 100 mítà, Bolt sá 9.58. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìṣirò lásán nìyẹn."

Mi ò bínú o. Àmọ́ èmi náà sáré rí, mo sì mọ ohun tí aago lè ṣe.

Níléèwé wa nígbà yẹn, níbí ní Òṣogbo, ilẹ̀ pupa ni pápá wa, eérú ni wọ́n fi ń fa ìlà. Láàárọ̀ ọjọ́ íńtá-háòsì, àwa tá a fẹ́ sá 100 mítà la máa gbé ọkọ́ lọ gbẹ́ kòtò tiwa fúnra wa, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀kan fún tẹ̀yìn, bójò bá sì ti rọ̀ lóru, inú omi lẹsẹ̀ ẹ máa wà tí wọ́n á fi fọn fèrè. Kò sí bàtà kankan. Lọ́dún tí mo ṣe ipò kìíní, tíṣà tó mú sítọ́ọ̀pù-wọ́ọ̀ṣì dání ń bá ìyá kan tó ń ta mọ́ín-mọ́ín ṣàwàdà, a ti gbéra kó tó rántí tẹ nǹkan ọwọ́ ẹ̀. Wọ́n kọ 10.4 fún mi! Ẹ gbọ́ o, 10.4, ọmọ iléèwé, ẹsẹ̀ lásán, lórí ilẹ̀ pupa. Owens fúnra ẹ̀ 10.3 ló fi gba góòlù Òlíńpíìkì ní Berlin lọ́dún 1936. Ìyàwó mi ṣì ń fi 10.4 yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ dòní.

Kòtò tí mò ń sọ yẹn, Owens náà gbẹ́ ẹ. Tírówẹ̀lì kékeré bíi ti bíríkìlà ló fi gbẹ́ tiẹ̀ ní Berlin, torí ọdún 1948 ni wọ́n tó kọ́kọ́ lo bulọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tẹsẹ̀ mọ́ ní Òlíńpíìkì. Ilẹ̀ tó sáré lé, èédú jíjó tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n dà sí i, ó máa ń rì mọ́ni lẹ́sẹ̀, pápá oní-rọ́bà tá a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, ọdún 1968 ní Mexico ló dé Òlíńpíìkì. Ti aago àfọwọ́tẹ̀ wá ńkọ́? Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìbọn ti dún kọ́wọ́ ẹ̀ tó lọ, ìdí nìyẹn tí àkókò àfọwọ́tẹ̀ fi máa ń kéré sí ti ẹ̀rọ. Ọmọ yẹn lè ní ìyẹn túbọ̀ ba ti Owens jẹ́ ni, kò sì parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ ni pé méjèèjì ò sáré nínú ayé kan náà, kí lẹ wá ń fi aago wọn wéra fún?

Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé báwo lẹni yìí ṣe já àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ tó, àwọn tí wọ́n jọ wọ irú bàtà kan náà, tí wọ́n jọ sá lórí ilẹ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mú 200 mítà. Ní Berlin, Owens sá 20.7, ẹni kejì sá 21.1. Ní Beijing lọ́dún 2008, Bolt sá 19.30, ẹni tí wọ́n fún ní sílífà sá 19.96. Ẹ ò rí i pé Bolt náà ló já wọn sílẹ̀ jù níbẹ̀, mo gbà fún ọmọ náà, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Bó tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbàgbé ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1935 ní Ann Arbor l'Amẹ́ríkà, tí Owens tẹ́yìn ń dùn, tó ti ṣubú látorí àtẹ̀gùn, fò lẹ́ẹ̀kan péré nínú fífò jìnnà, tó fò 8.13 mítà, odidi ọdún 25 ni kò sẹ́ni tó kọjá ẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 tó fi fò yẹn náà ló fi bá rékọ́ọ̀dù 100 yáàdì dọ́gba, tó tún fọ́ méjì mìíràn nínú eré sísá.

Àmọ́ o, bá a bá ń fi òṣùwọ̀n tèmi yìí wọ̀n ọ́n, obìnrin kan wà tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ nídìí fẹ́ńdọ̀. Fanny Blankers-Koen, ará Netherlands. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó lọ sí Berlin lọ́dún 1936, ó lọ bá Owens pé kó buwọ́ lùwé fóun, ó sì tọ́jú ìwé yẹn. Ogun gba Òlíńpíìkì 1940 àti 1944 lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tára ẹ̀ le jù nìyẹn o. Nígbà tí tọdún 1948 fi máa dé ní London ó ti pé ọdún 30, ó ti bímọ méjì, àwọn kan ń sọ pé kó jókòó sílé tọ́mọ. Góòlù mẹ́rin ló kó. Nínú 200 mítà, lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, ó sá 24.4, ẹni kejì sá 25.1. Odidi 0.7! Bolt ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní Beijing, títí dòní kò sì sí obìnrin tó já ẹni kejì sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú 200 mítà Òlíńpíìkì. Èyí tó tún pa mí lẹ́nu ni pé òun ló ni rékọ́ọ̀dù àgbáyé nínú fífò jìnnà, 6.25 mítà, kò sì kópa nínú ẹ̀ torí òfin ò jẹ́ kéèyàn ṣe ju eré mẹ́ta lọ láfikún sí eré ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ń gbé ọ̀pá fúnra wọn, ẹni tó wá gba góòlù yẹn kò fò tó 5.70.

Ọmọkùnrin yẹn yọ fóònù ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá, 0.7 ni lóòótọ́." Fẹ́ńdọ̀ ní ta ló fẹ́ ra ìwé ìròyìn nínú wa. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, Olóòtú. Nígbà tí mo bi wọ́n níbẹ̀ pé ta ni Olapade Adeniken, àgbà méjì péré ló mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ Òṣogbo yìí ni wọ́n ti bí i, ó wọ àṣekágbá 100 mítà ní Barcelona lọ́dún 1992, ó sì wà lára àwọn mẹ́rin tó sá 37.98 nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin níbẹ̀, tí wọ́n fi gba sílífà fún Nàìjíríà, ẹ̀yìn àwọn ará Amẹ́ríkà tí Carl Lewis parí eré fún ni wọ́n wà. Ẹ bá wa kọ nípa ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò ẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá gbé e jáde, èmi ni màá ra tèmi lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.